Bí Kò Bá Sí Ẹni tí Ń Lé Wa

Bí a bá bi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn léèrè pé kí ni òmìnira, èsì wọn kì í pẹ́ jáde: òmìnira ni kí ènìyàn máa ṣe bí ó ti wù ú láìsí ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ wò. Ọmọ ilé-ìwé tí agogo ìsinmi ṣẹ̀ṣẹ̀ lù fún gbà bẹ́ẹ̀. Ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Àgbàlagbà tí ó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba pàápàá gbà bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Èsì náà kò burú, ṣùgbọ́n kò tó. Nígbà tí a bá tú ènìyàn sílẹ̀ tán, tí a sì ṣí gbogbo ilẹ̀kùn fún un, ìbéèrè mìíràn a máa jẹyọ tí ó le ju ti ìṣáájú lọ: ọ̀nà wo ni yóò tọ̀, báwo ni yóò ti yára tó, àti pé ṣé ní gbangba ni yóò ti rìn ín tàbí ní kọ̀rọ̀? Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí èmi àti ìwọ òǹkàwé mi jọ gbé yẹ̀ wò.

Ibi tí n ó ti mú àpẹẹrẹ lè yà ọ́ lẹ́nu bí o bá gbọ́ ọ lẹ́nu àgbàlagbà bí èmi. Inú eré géèmù ni, èyí tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń fi páàdì ṣe lójú tẹlifíṣọ̀n. Púpọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gbà pé kò sí ohun tí ó wà nínú eré náà ju fífi àkókò ṣòfò lọ. Èmi kò bá wọn jiyàn lórí ti àkókò. Ọmọ tí ó bá pa ìwé rẹ̀ tì nítorí géèmù, ara rẹ̀ ni ó ń ṣe ní ibi. Ṣùgbọ́n irú eré kan wà láàárín wọn tí àwọn tí ó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ fi òmìnira ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ohun tí ènìyàn bá sì ṣe níbi tí ó ti ní òmìnira, ó yẹ kí olùkọ́ fi ojú sí i.

Nínú àwọn eré àtijọ́, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wà níwájú ẹni tí ń ṣe é, gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ojú irin tí kò lè yà kúrò lórí irin rẹ̀. Super Mario Bros., tí ó jáde ní ọdún 1985, jẹ́ àpẹẹrẹ rẹ̀: ọwọ́ ọ̀tún ni o ó máa lọ, o ó máa fo kòtò, aago sì ń ka ìṣẹ́jú mọ́ ọ lórí. Ní ti irú èyí tí mò ń wí, odidi ilẹ̀ kan ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ níwájú rẹ, pẹ̀lú òkè, odò, igbó, abúlé, àti àwọn ènìyàn tí ń bá iṣẹ́ oòjọ́ wọn lọ. Bí o bá rí òkè kan lókèèrè, o lè lọ gùn ún. Bí wọ́n bá ní kí o gba ilé olódi kan lọ́wọ́ ọ̀tá, o lè lọ sí ẹnu ibodè kí o fa idà yọ. O lè dúró di òru kí o gba orí òrùlé wọlé. O sì lè kọ ẹ̀yìn sí ilé olódi náà kí o lọ já òdòdó nínú igbó. Kò sí ẹni tí yóò bá ọ wí.

Kò sí ẹni tí yóò bá ọ wí: ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Bí ìrìn kọ̀rọ̀ ṣe di ohun tí a fi ń ṣe eré dára láti gbọ́. Ní ọdún 1987, ilé-iṣẹ́ Konami ní Jàpáànù gbé eré kan jáde tí ń jẹ́ Metal Gear. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Hideo Kojima, ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, wọ́n sì ní kí ó ṣe eré ogun fún kọ̀ǹpútà kékeré kan tí à ń pè ní MSX2. Eré ogun tí ayé mọ̀ nígbà náà ni èyí tí ọ̀tá ti ń rọ́ jáde bí ìjàlọ tí ìbọn sì ń rọ̀ bí òjò. Kọ̀ǹpútà náà kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀tá àti ọta ìbọn bá pọ̀ jù lójú rẹ̀, apá rẹ̀ kì í ká a. Kojima wá rò ó pé, bí akọni kò bá lè bá ọ̀pọ̀ ènìyàn jà, kí ló dé tí kò fi ní sá pamọ́ fún wọn? Ó ṣe eré tí ẹni tí ń ṣe é yóò máa fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri, tí yóò máa wo ibi tí ẹ̀ṣọ́ kọjú sí, tí yóò sì máa kọjá nígbà tí ẹ̀ṣọ́ bá yí padà. Àìní ni ó bí i. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ aráyé ti rí i pé nínú eré ogun pàápàá, a lè bi ènìyàn bóyá dandan ni kí ó jà.

Wò ó bí èdè tiwa ti ṣe ọ̀rọ̀ yìí. Ọdẹ a máa yọ́ sún mọ́ ẹran. Ìyá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ ọmọ sùn a máa yọ́ dìde lórí ẹní kí ọmọ má bàa jí. Olè náà a máa yọ́ wọlé. A tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ kan náà yin ọkọ̀ ìgbàlódé, tí a ń pè é ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ariwo tí tèmi ń pa kò jẹ́ kí orúkọ náà yẹ ẹ́ mọ́. Ẹsẹ̀ tí a gbé jẹ́jẹ́ kò ní rere tàbí búburú kan nínú fúnra rẹ̀. Kí wá ni a ó fi mọ èyí tí ó jẹ́ ti ọdẹ, èyí tí ó jẹ́ ti ìyá, àti èyí tí ó jẹ́ ti olè? Eré kan wà tí ó gbé ìbéèrè yìí sí àárín gbùngbùn ìtàn rẹ̀, òun ni n ó sì fi ọ̀rọ̀ pẹ́ lé lórí.

Erékùṣù kan ń bẹ láàárín Jàpáànù àti Kòríà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Tsushima. Ní ọdún 1274, Kublai Khan, ọba àwọn Mongol tí ó ti jẹ gàba lórí apá tí ó pọ̀ nínú ilẹ̀ Ṣáínà, rán ọ̀wọ́ ọkọ̀ ojú omi lọ láti ṣẹ́gun Jàpáànù. Tsushima ni wọ́n kọ́kọ́ bá lójú ọ̀nà. Olórí àwọn jagunjagun erékùṣù náà, Sō Sukekuni, kó nǹkan bí 80 ẹlẹ́ṣin lọ pàdé wọn létí òkun ní Komoda, ibẹ̀ ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ṣubú sí. Ojúbọ tí wọ́n kọ́ ní ìrántí rẹ̀ ṣì wà ní Komoda di òní olónìí.

Ní ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ Sucker Punch ní Amẹ́ríkà fi ìtàn yìí ṣe eré tí wọ́n sọ ní Ghost of Tsushima, èyí tí a lè pè ní Iwin Tsushima. Àwọn ènìyàn inú eré náà kì í ṣe ẹni tí ó gbé ayé rí. Jin Sakai ni orúkọ akọni rẹ̀, ọ̀dọ́ jagunjagun tí ikú yẹ̀ lórí rẹ̀ ní Komoda. Shimura, arákùnrin ìyá rẹ̀, ni ó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀, ẹni tí àwa níhìn-ín ìbá kúkú máa pè ní bàbá rẹ̀. Àwọn Mongol mú Shimura ní ààyè, wọ́n sì tì í mọ́ inú ilé olódi kan. (Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ: ní Amẹ́ríkà wọ́n kọ ọ́ sára páálí eré náà pé kì í ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17, nítorí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ ni mo ń sọ fún ọ. N kò rán ọ lọ rà á.)

Àwọn tí ó ṣe eré náà kò fi ọfà tàbí ìlà tọ́ka ọ̀nà fún ẹni tí ń ṣe é. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Bí o bá fẹ́ mọ ibi tí o ó yà sí, atẹ́gùn yóò fẹ́, koríko yóò sì tẹ̀ sí ìhà ibẹ̀. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ a máa sáré níwájú rẹ lọ sí ojúbọ inú igbó. Ibì kan wà tí o lè jókòó sínú omi gbígbóná tí ń sun láti inú ilẹ̀. Ibòmíràn wà tí o lè jókòó sí kí o máa wo òkun, kí o sì ṣa ọ̀rọ̀ jọ di ewì kékeré. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ogun wà nílùú.

Mo bá ọmọ ọmọ mi kan tí ó wà ní yunifásítì nídìí eré yìí ní àkókò ìsinmi, mo sì jókòó tì í. Ó ti ròyìn fún mi pé ọ̀tá ń sun abúlé, àti pé wọ́n ti bàbá akọni náà mọ́lé. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí lójú tẹlifíṣọ̀n ni akọni tí ń sáré tẹ̀lé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ nínú pápá. Mo bi í pé, “Bàbá rẹ tí wọ́n tì mọ́lé ńkọ́?” Kò gbé ojú kúrò níbẹ̀. Ó ní, “Bàbá àgbà, ẹ má ṣe ìyọnu. Bí mo bá lo ọdún kan kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ibi tí mo fi wọ́n sí náà ni n ó ti bá wọn.”

Òtítọ́ ni ó sọ, nítorí bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú irú eré wọ̀nyí rí. Àkókò inú wọn dà bí ìránṣẹ́ tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ọ̀gá rẹ̀ yóò fi jí. Nínú The Legend of Zelda: Breath of the Wild, tí Nintendo gbé jáde ní ọdún 2017, ọmọ ọba obìnrin kan ti fi 100 ọdún di ẹbọra búburú mú nínú ààfin, ó ń retí akọni tí yóò wá gbà á. Akọni náà lè kọjú sí ààfin lọ́gán lẹ́yìn iṣẹ́ díẹ̀ tí ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn kan sì wà tí ọwọ́ wọn yá tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń parí rẹ̀ kí ó tó pé ààbọ̀ wákàtí. Àwọn mìíràn ń lo ọgọ́rọ̀ọ̀rún wákàtí, wọ́n ń se oúnjẹ, wọ́n ń gun òkè, wọ́n ń mú ẹṣin inú igbó sìn. Ọmọ ọba ń retí síbẹ̀. Kò rẹ̀ ẹ́, kò sì ráhùn.

Ìwọ òǹkàwé mi, ẹni tí a fi sílẹ̀ nínú ayé tiwa kì í wà ní ibi tí a fi í sí. Ìyá tí ó ránṣẹ́ pe ọmọ rẹ̀ láti ìlú ńlá pé kí ó wá rí òun kò lè fi ọdún kan dúró lórí ìjókòó kan náà. Èbù iṣu tí a kò gbìn nígbà tí òjò rọ̀ yóò rà sínú abà. Ọ̀rẹ́ tí a jẹ ní ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ lè kó kúrò láàárín ìlú kí a tó rí àyè sọ ọ́. Nítorí náà ni mo ṣe kọ̀ láti pe ìrìn jẹ́jẹ́ inú géèmù ní sùúrù, bí àwọn kan ti ń pè é. Ẹni tí ó ní sùúrù mọ̀ pé àkókò ń lọ, ó mọ ohun tí ìdúró òun lè ná òun, ó sì dúró síbẹ̀ nítorí pé ìkánjú yóò ba iṣẹ́ jẹ́. Ọdẹ orí ègùn ní sùúrù, nítorí ẹran lè má wá, ilẹ̀ sì lè mọ́ bá a lọ́wọ́ òfo. Ẹni tí ó mọ̀ pé ẹran yóò dúró de òun títí ọdún mìíràn kò ní ohun tí à ń pè ní sùúrù. Fàájì ni ó ń ṣe.

Nintendo kan náà ti fi ọ̀nà mìíràn hàn ṣáájú èyí. Nínú Majora's Mask, tí ó jáde ní ọdún 2000, òṣùpá ń já bọ̀ lórí ìlú, ọjọ́ mẹ́ta péré ni ó sì kù. Olúkúlùkù ará ìlú ní wákàtí tirẹ̀: bí o kò bá sí ní ibì kan ní alẹ́ kan pàtó, wọ́n á ti ja ìyá arúgbó kan lólè kí o tó dé. Lóòótọ́ akọni náà lè dá ọjọ́ padà sí òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní, àyè tí ẹnikẹ́ni kò fún àwa rí. Síbẹ̀ kò lè wà ní ibi gbogbo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì ń mọ̀ ọ́n lára pé ẹni tí òun ń ràn lọ́wọ́ níhìn-ín ni ó fà á tí òun kò fi sí lọ́hùn-ún. Mo ka eyi sí ẹ̀kọ́ tí ó ṣòro kọ́ nínú kíláàsì.

N kò fi èyí dá ọmọ ọmọ mi lẹ́bi. Nígbà tí ó pa ẹ̀rọ náà tí a jọ jáde síta, òun ni ó kọ́kọ́ sọ pé atẹ́gùn ti yí, òjò ń bọ̀. Òjò sì rọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rìn pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ tí kì í gbé ojú sókè wo ewé.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Tsushima. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Yuna ni ó fa Jin jáde láàárín òkú ní Komoda. Olè ni. Ohun tí ó mọ̀ ni bí a ti í gba inú koríko gíga kọjá láìjẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ gbúròó, òun ni ó sì kọ́ jagunjagun ọlọ́lá náà. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni Shimura ti kọ́ Jin pé ọmọlúàbí jagunjagun a máa dojú kọ ọ̀tá rẹ̀, a sì máa wo ẹyinjú rẹ̀ kí ó tó pa á. Nígbà àkọ́kọ́ tí Jin gba ẹ̀yìn gún ọ̀tá pa, eré náà mú un padà sí ìgbà èwe rẹ̀, níbi tí ẹ̀kọ́ bàbá rẹ̀ ti ń dún sí i létí. Gbogbo ìyókù ìtàn náà, àríyànjiyàn láàárín bàbá àti ọmọ ni.

Má ṣe fi ojú tín-ín-rín wo ọ̀rọ̀ Shimura. Kì í ṣe nítorí ẹwà ni ó ṣe fẹ́ kí a jà ní gbangba. Ohun tí ó ń sọ ni pé ẹni tí ó gbé idà láàárín àwọn tí kò ní idà gbọ́dọ̀ ní òfin tí gbogbo ènìyàn lè rí pẹ̀lú ojú wọn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn tí ó ń dáàbò bò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù rẹ̀, wọn yóò sì kọ́ ìwà rẹ̀. Jin dá a lóhùn pé òkú ń sùn nílẹ̀, pé òfin tí yóò fi gbogbo ará ìlú sílẹ̀ fún ikú kò ṣe é jẹ mọ́ ẹnu. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gba ilé olódi Shimura padà, tí Shimura ti ṣe tán láti tún rọ́ àwọn ọmọ ogun lọ sínú ikú, Jin dá yọ́ wọlé lóru, ó fi májèlé sínú ohun tí àwọn Mongol ń mu. Wọ́n kú. Ilé olódi bọ́ sí ọwọ́ wọn láìta ẹ̀jẹ̀ ọmọ Tsushima kan sí i.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àwọn Mongol kọ́ bí a ti ń po májèlé yẹn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún àwọn ará erékùṣù náà. Apá ibi yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà, nítorí kò jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn jàre pátápátá. Bàbá sọ òtítọ́ nípa ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ọmọ sọ òtítọ́ nípa ohun tí ó ti ń ṣẹlẹ̀.

Bí o bá wo ìtàn Jàpáànù gan-an, o ó rí i pé òfin tí Shimura ń sọ kò le tó bẹ́ẹ̀ ní ìgbà ayé Sukekuni. Lẹ́yìn ọdún 1600, nígbà tí ogun abẹ́lé ti rọlẹ̀ tí àwọn jagunjagun sì ní àyè láti kọ̀wé, ni wọ́n tó to púpọ̀ nínú irú òfin bẹ́ẹ̀ jọ. Ní ọdún 1156, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Kyoto láàárín ọba tí ó wà lórí ìtẹ́ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó ti jọba ṣáájú rẹ̀. Ìtàn tí wọ́n kọ nípa ìjà náà sọ pé tafàtafà ńlá kan, Minamoto no Tametomo, gba àwọn ti ẹ̀gbọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n kọlu ọ̀tá lóru. Ìjòyè tí ó ń pàṣẹ kọ̀. Ó ní irú ìjà bẹ́ẹ̀ kò yẹ fún ọ̀ràn ọba. Òru ọjọ́ náà gan-an ni àwọn ti àbúrò kọlù wọ́n, wọ́n sì tú wọn ká. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi iyì jagun gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọ̀tá rẹ̀ lè má gbọ́ èdè náà.

Èrò tèmi rèé. Àwọn àgbà a máa wí pé amòòkùn-ṣolè, bí ọba ayé kò rí ọ, ti ọ̀run ń wò ọ́. Àwọn kan gbà pé òwe yìí ń bú òkùnkùn. N kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó mú òkùnkùn ṣe aṣọ kí ẹnikẹ́ni má bàa bi í léèrè ni ó ń bú. Ìyá tí ó yọ́ kúrò lẹ́bàá ọmọ lè sọ ohun tí ó ṣe fún ọmọ náà bí ó bá dàgbà, wọn ó sì jọ rẹ́rìn-ín. Ọdẹ ń kọrin ohun tí ó ṣe nínú igbó níwájú gbogbo ìlú. Olè kò lè ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Bí mo bá fi èyí wọn Jin, ìrìn òru rẹ̀ yege lọ́dọ̀ mi: àwọn ará abúlé tí ó gbà sílẹ̀ mọ̀ bí ó ti gbà wọ́n, kò sì fi pamọ́ fún bàbá rẹ̀. Ti májèlé ni kò yege. Idà ń pa ẹni tí a fi í gún. Májèlé kò mọ ẹni tí yóò gbé ife. Ohun tí kò lè yan ẹni tí yóò pa, ènìyàn kò lè jẹ́ ẹ̀rí rẹ̀ ní gbangba pé òun ni òun ṣe é pẹ̀lú ìmọ̀ọ́mọ̀.

Àléébù kan wà lára eré náà tí ó kan òmìnira tí à ń sọ. Ọmọ ọmọ mi ní ọ̀rẹ́ kan tí ó pinnu pé òun yóò máa jà bí Shimura ti fẹ́. Níbi gbogbo tí eré náà bá ti gbà á láyè, ojú ọ̀sán ni ó ń lọ, ẹnu ibodè ni ó ń dúró sí, yóò sì pe ọ̀tá jáde. Ó fi ìyà jẹ ara rẹ̀, nítorí ọ̀nà yẹn ṣòro. Síbẹ̀ nígbà tí ìtàn ń lọ, àwọn ará abúlé ń pè é ní Iwin, Shimura sì ń bá a wí pé ó ti fi iyì ilé wọn wọ́lẹ̀. Wọ́n fún ẹsẹ̀ rẹ̀ ní òmìnira, ṣùgbọ́n wọn kò ka ìrìn rẹ̀ sí nǹkan. Bí olùkọ́ kan bá ní kí àwọn ọmọ kíláàsì kọ àròkọ lórí ohun tí ó wù wọ́n, tí ó sì fún gbogbo wọn ní máàkì kan náà láìkà á, ǹjẹ́ o lè pe èyí ní òmìnira? Àwọn ọmọ yóò kọ́kọ́ yọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹnikẹ́ni nínú wọn kì yóò bìkítà mọ́ nípa ohun tí ó ń kọ.

Kojima tí mo dárúkọ rẹ̀ ní ìṣáájú ṣe eyi dáradára jù ú lọ nínú Metal Gear Solid V: The Phantom Pain, tí ó jáde ní ọdún 2015. Afghanistan ní ọdún 1984 ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. O lè wọ àgọ́ ọ̀tá lójú ọ̀sán tàbí lóru. O lè pa wọ́n, o sì lè fi oògùn oorun yìn wọ́n kí wọ́n sùn. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀tá náà ní ìrántí. Bí ó bá ti mọ́ ọ lára láti máa yìnbọn lu orí wọn, láìpẹ́ o ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn pẹ̀lú akoto irin. Bí òru bá jẹ́ ìgbà tìrẹ, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lo awò tí a fi ń ríran lóru. Ẹnikẹ́ni kò bá ọ wí, ṣùgbọ́n ayé tí o wà nínú rẹ̀ ń dá ọ lóhùn. Ibẹ̀ ni mo rí òmìnira tí ó jọ ti ènìyàn.

Mo mọ̀ pé o ti fẹ́ dá mi lóhùn pé eré lásán ni. Bẹ́ẹ̀ ni ayò. Lọ sí abẹ́ igi níbi tí àwọn àgbà ti ń ta ayò ní ìrọ̀lẹ́, kí o wo ẹni tí ń fi ọmọ ayò kan pamọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, àti ẹni tí ń kánjú tí kò ka ọmọ ayò kí ó tó ta, àti ẹni tí a pa láyò tí ó yọ̀ mọ́ ẹni tí ó pa á. Kò sí ẹni tí ó kú níbẹ̀, owó kò sì sí lórí rẹ̀. Síbẹ̀ bí o bá fẹ́ yá ọ̀kan nínú wọn lówó, o ti mọ èyí tí o ó yá.

Ní òpin ìtàn Tsushima, nígbà tí wọ́n ti ṣẹ́gun olórí àwọn Mongol, àṣẹ dé láti ọ̀dọ̀ Shogun, olórí gbogbo jagunjagun Jàpáànù, pé kí Shimura fúnra rẹ̀ pa Iwin tí ó tọ́ dàgbà. Bàbá àti ọmọ jọ gun ẹṣin lọ, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìgbà àtijọ́, wọ́n sì jọ ṣe ewì. Lẹ́yìn náà wọ́n fa idà yọ sí ara wọn lẹ́bàá omi, níbi tí ewé igi ti pupa. Jin borí. Bàbá náà dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ọgbẹ́, ó sì bẹ ọmọ rẹ̀ pé kí ó pa òun kí òun lè kú ikú jagunjagun. Ìgbà yìí ni eré náà fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ọ: pa á, tàbí kí o dá a sí. Èyíkéyìí tí o bá yàn, erékùṣù náà yóò wà bí ó ti wà. Ohun tí ó yàtọ̀ kò ju nǹkan díẹ̀ bí àwọ̀ aṣọ lọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan, tí òun náà fi ohun tí ó lé ní 30 ọdún ṣe iṣẹ́ olùkọ́, gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu mi. Ó ní kò sí ohun tí à ń rò níbẹ̀: ọmọ tí ó bá bọ̀wọ̀ fún bàbá rẹ̀ yóò ṣe ohun tí bàbá bẹ̀ ẹ́ kẹ́yìn. Mo ní rárá o. Ẹni tí ó ti fi gbogbo iyì rẹ̀ sílẹ̀ kí ènìyàn má bàa kú kò lè wá pa bàbá rẹ̀ nítorí iyì. Ó bi mí pé bí bàbá náà bá yè ńkọ́, tí wọ́n gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó ń fi ìtìjú jẹun lójoojúmọ́? Mo ní kí ó máa jẹ ẹ́. Ilẹ̀ ṣú bá wa lórí ọ̀rọ̀ náà, olúkúlùkù sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ní ti ọmọ ọmọ mi, tí ó ti fi bàbá náà sílẹ̀ nínú àhámọ́ tí ó ń lé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ó dá a sí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó fi ojú ọ̀sán jà títí dé òpin ni ó pa á, ó sì sọ fún mi pé ọwọ́ òun gbọ̀n lórí páàdì kí òun tó tẹ̀ ẹ́.